Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣọ́ọ̀bù òmùwẹ̀ wo ni kí a bá lọ ní Bonaire?

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ gba káàdì Open Water wa, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìmòòkùn, lọ́dún tó kọjá, nínú adágún kan nítòsí ibí tí omi rẹ̀ tutù tó sì dúdú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo tíì mòòkùn láyé mi. Ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, a fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Bonaire, erékùṣù kékeré tó wà lókè Venezuela nínú òkun Caribbean. Ọ̀rọ̀ ilé tí a máa sùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Ṣọ́ọ̀bù tí a máa bá mòòkùn ló ku.

Mo ti kọ mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀kan wà nínú ilé ìtura ńlá kan. Ọ̀kan jẹ́ ti tọkọtaya kan, kò ju yàrá méjì lọ. Ẹ̀kẹta, owó rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta dín sí ti àwọn yòókù. Gbogbo wọn ló ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ sókè lórí Google, gbogbo wọn ló gbé àwòrán ìjàpá òkun síwájú. Kí ni ẹ̀yin fi ń mọ èyí tó dáa? Ẹ̀rù omi kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí mọ́. Ẹni tí màá fi ẹ̀mí mi àti ti ọkọ mi lé lọ́wọ́ ni mò ń wá.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Àǹtí wa, ẹ kú ìmúra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ sí Bonaire, màá sì tún lọ bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí ẹ tó máa fi ṣọ́ọ̀bù kan wé èkejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú ibẹ̀ yàtọ̀, torí òun ló máa sọ irú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ nílò.

Ní àwọn erékùṣù Caribbean mìíràn bíi Cozumel tàbí Roatán, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé yín lọ, amọ̀nà á ṣáájú, ẹ̀yin á tẹ̀ lé e. Ní Bonaire, ẹsẹ̀ la fi ń rìn wọ òkun. Ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti máa ń fẹ́ wá, ìyẹn ni omi ìhà ìwọ̀-oòrùn fi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, iyùn tó ń hù lábẹ́ òkun sì sún mọ́ etíkun débi pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ máa fi lúwẹ̀ẹ́ dé orí rẹ̀. Ẹ máa háyà pick-up, ẹ máa kó sílíńdà afẹ́fẹ́ tí a fi ń mí lábẹ́ omi sẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa wà á lọ lẹ́bàá òkun títí ẹ ó fi rí òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kùn, tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Ibẹ̀ lẹ máa páàkì, ibẹ̀ lẹ máa gbà wọlé. Ibi tí wọ́n sàmì sí báyìí lé ní 80, bí a bá ka ti Klein Bonaire mọ́ ọn, erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé tó wà níwájú ìlú Kralendijk. Ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ dé Klein Bonaire.

Nítorí náà, ohun tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Bonaire ni afẹ́fẹ́ tó mọ́, irinṣẹ́ tó péye, ibi tí ẹ ti lè gba sílíńdà láìtò gígùn, àti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ wò jù. Gbogbo etíkun ibẹ̀, láti ibi tí omi ń kún dé títí dé ìsàlẹ̀ mítà 60, ni wọ́n ti fi ṣe ọgbà ìdáàbòbò láti ọdún 1979. Àjọ tí ń jẹ́ STINAPA ló ń bójú tó o. Ẹ máa san $40, ọdún kan ni owó náà dúró fún, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ka òfin fún yín, kí ẹ sì mòòkùn àkọ́kọ́ lójú wọn kí ẹ tó máa dá lọ. A kì í wọ ìbọ̀wọ́ níbẹ̀, kí ọwọ́ má bàa máa di iyùn mú. A kì í fọwọ́ kan nǹkan kan, a kì í ju ìdákọ̀ró. Àìsàn burúkú kan tó ń jẹ ẹran ara iyùn dé erékùṣù náà ní ọdún 2023, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ní kí a fi oògùn apakòkòrò fọ irinṣẹ́ wa.

Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ní kí ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kí ẹ ṣáà kó sílíńdà kí ẹ máa lọ, ẹ sá fún un. Ẹni tó ń rẹ́ òfin omi jẹ lójú yín, kò sí ohun tí kò ní rẹ́ jẹ lẹ́yìn yín.

Àbẹ̀kẹ́ London

Olùkọ́ òmùwẹ̀ ni mí. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní erékùṣù méjì ní Caribbean kí n tó padà sí London. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ìràwọ̀ orí Google. Ẹni tó bá rí ìjàpá òkun á fún wọn ní márùn-ún. Ẹni tí òjò pa á fún wọn ní mẹ́ta. Bóyá ọ́síjìn tí a fi ń tọ́jú òmùwẹ̀ tó bá ṣe léṣe wà lórí ọkọ̀ tàbí kò sí, àwọn méjèèjì kò mọ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n lọ, ẹnikẹ́ni kò nílò rẹ̀.

Ohun tí èmi máa ń wò ni ìbéèrè tí ṣọ́ọ̀bù bi mí. Ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ní ẹ̀yin méjì lẹ ń bọ̀ ní oṣù kejì, ẹ ní káàdì, ẹ fẹ́ mọ iye owó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá jókòó kí ẹ wo ohun tó máa padà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní lè dá iye owó nìkan padà fún yín, torí kò tíì mọ irú ẹni tó ń bọ̀. Á béèrè ìgbà tí ẹ mòòkùn gbẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe é, irú omi wo, bóyá ara yín le. Èyí tó bá gba owó yín láìbéèrè nǹkan kan, bó ṣe máa gba ẹlòmíràn nìyẹn, ẹni yẹn ló sì lè jẹ́ ẹnìkejì yín nísàlẹ̀ omi.

Ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n padà. Ẹni mélòó ni amọ̀nà kan ń kó? Àwa olùkọ́ PADI, àjọ tó ń fún òmùwẹ̀ ní káàdì, lè kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú omi gbangba, bí òfin ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe é ẹ̀ẹ̀mẹfà, mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ó wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ta ló ń dúró lórí ọkọ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti wọ omi? Ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ dúró lófìfo lójú òkun nígbà tí èèyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbo ni ọ́síjìn wà? Ẹ má gba "ó wà" lásán. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Mo ti rí ibi tí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ sì ti lọ sílé.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Baltimore

Ohun tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sọ yẹn, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Cozumel ni, ní Mẹ́síkò. Omi ibẹ̀ máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn tó dúró bí ògiri, òun ló máa ń gbé èèyàn lọ, ọkọ̀ á sì máa tẹ̀ lé yín lókè. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, kò sí ohun tó dùn tó o.

Àwa méjìlá ni wọ́n fi lé amọ̀nà kan lọ́wọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa ní iye ìgbà tó ti mòòkùn rí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, géèjì tó ń fi afẹ́fẹ́ inú sílíńdà mi hàn ti wá sí 70 bar, afẹ́fẹ́ ti ń tán lọ, torí ẹ̀rù díẹ̀ ń bà mí, mo sì ń mí gúlegúle. Mo wá amọ̀nà. Ó wà níwájú réré, ó ń ya fọ́tò fún àwọn tó sanwó fọ́tò. Mo fi òrùka ọwọ́ mi kan sílíńdà gbàgbàgbà, kò wẹ̀yìn. Ẹnìkejì tí wọ́n yàn fún mi ti bá wọn lọ. Mo bá gòkè díẹ̀díẹ̀, mo dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta bí wọ́n ṣe kọ́ mi, èmi nìkan, mo tẹjú mọ́ aago ọwọ́ mi, mò ń ka ìṣẹ́jú àáyá.

Nígbà tí orí mi yọ, ìgbì ń gbé mi sókè, ó ń sọ̀ mí kalẹ̀. Bó bá gbé mi sókè, mo máa ń rí ọkọ̀ wa, funfun, ó ti kéré, ó sì ń bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ. Bó bá sọ̀ mí kalẹ̀, omi nìkan ni mò ń rí. Mo fọn fèrè títí ètè mi fi yi. Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù mìíràn ló rí mi, tó gbé mi. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ wa, wọ́n ti fẹ́ yí orí padà sí ìlú. Wọn ò tíì mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀. Wọn ò kà wá.

Láti ọjọ́ náà, rọ́bà gígùn aláwọ̀ ọsàn tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tó máa ń dúró ṣánṣán lójú omi kí ọkọ̀ lè rí wa, kì í kúrò lára mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń bi ṣọ́ọ̀bù ni bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn.

Àbẹ̀kẹ́ London

Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ kú ewu o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1998, ọkọ̀ òmùwẹ̀ kan ní Australia fi tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan sílẹ̀ sínú òkun nítorí wọn ò kà wọ́n dáadáa. Ó tó ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, a ò sì rí wọn mọ́. Gbogbo olùkọ́ ló mọ ìtàn yẹn. Kíkà tó yẹ ni pé kí wọ́n pe orúkọ yín, kí ẹ̀yin fúnra yín dáhùn, kí wọ́n máàkì rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ tó wọ omi àti lẹ́yìn tí ẹ jáde. Kí ẹnì kan máa na ìka ká orí èèyàn, ìyẹn kọ́ ni kíkà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìlera wọ̀ ọ́. Kí ni jẹ́nótáípù yín, Ìyá Ìbejì, àti ti ọkọ yín? Àwa tí SS àti AS pọ̀ láàárín wa gbọ́dọ̀ máa béèrè rẹ̀, torí olùkọ́ òyìnbó lè má béèrè. Ẹni tó bá jẹ́ SS, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òmùwẹ̀ kì í fọwọ́ sí i kó mòòkùn. Ẹni tó bá jẹ́ AS, kó lọ rí irú dókítà bẹ́ẹ̀ kó tó sanwó, kó sọ fún un, kó sì bi í ní ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún nípa ooru, àìmumi tó àti àṣejù iṣẹ́ ara. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bákan náà.

Ṣọ́ọ̀bù máa fún yín ní fọ́ọ̀mù ìlera. Mo ti wà níbi tí ọmọ tó jókòó sí káńtà ti sọ fún wa pé kí a ṣáà mú "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún gbogbo ìbéèrè kí ìwé lè yá, torí bí a bá mú "bẹ́ẹ̀ ni" ẹyọ kan, dókítà ló kàn. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A gba owó wa padà, a jáde. Èyí tí mo sọ yìí bá ohun tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sọ mu: ẹni tó béèrè tí kò sì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, kò béèrè.

Ẹ ra ìbánigbófò òmùwẹ̀ ti DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò òmùwẹ̀, tàbí irú rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Yàrá ìtọ́jú fún àìsàn tí òmùwẹ̀ máa ń ní bí ó bá gòkè kíákíá wà ní Kralendijk, ìtọ́jú ibẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

Tádé, Newark

Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ṣé kì í ṣe ìjì líle ni ẹ máa bá pàdé níbẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Tádé, láti oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì ní Caribbean. Oṣù kejì ni tiwọn. Bonaire sì wà nísàlẹ̀ ọ̀nà tí ìjì sábà máa ń gbà. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. AA ni mí, AS ni ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè rí nígbà tí a ń kẹ́kọ̀ọ́. A ti gba àyè lọ́dọ̀ dókítà.

Mo kọ lẹ́tà náà bí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ṣe wí, ọ̀rọ̀ kan náà sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí owó rẹ̀ kéré dáhùn kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé: "Ẹ káàbọ̀! Ẹ san ìdajì owó síbí, a ó rí yín ní oṣù kejì." Ti ilé ìtura ńlá fi ìwé alárànbarà ojú ewé mẹ́jọ ránṣẹ́, iye owó wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹni tí mo lè pè náà wà níbẹ̀. Ti tọkọtaya kò dáhùn títí di ọjọ́ kejì. Ìyàwó ló kọ ọ́. Kò tíì dárúkọ owó rárá. Ó béèrè ìgbà tí a mòòkùn gbẹ̀yìn, ó ní adágún tí a ti kẹ́kọ̀ọ́, ṣé a ń ríran jìnnà níbẹ̀? Ó béèrè bóyá a ti wọ omi láti etíkun tí ìgbì ń bì rí. Ó béèrè ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Mo kọ́kọ́ bínú díẹ̀, mo rò pé ó ń fi ojú kékeré wò wá. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ohun kan kù. Mo máa dirun kí n tó lọ. Ṣé másìkì á dúró lójú mi?

Àṣàkẹ́ Atlanta

Ọ̀rọ̀ mi dé! Àǹtí, ẹ dì í, kò léwu, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹyọ irun kan wọ abẹ́ rọ́bà másìkì, torí ibi tí irun bá gbà ni omi máa gbà. Ẹ ní kí onídìrí dì í kékeré, kó kó o sẹ́yìn, kí kókó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ọrùn. Bí kókó náà bá ga, okùn másìkì á máa yọ̀ sókè. Ẹ má lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá Ìbejì, bí wọ́n bá ní irùngbọ̀n lókè ètè, kí wọ́n fá a níwọ̀nba tí rọ́bà á fi rí awọ ara fọwọ́ kàn.

Ẹ bi ṣọ́ọ̀bù bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ gbìyànjú másìkì bíi mẹ́rin kí ẹ tó mú ọ̀kan. Ẹ gbé e sójú láìfi okùn sẹ́yìn orí, kí ẹ fa èémí sínú nímú. Bó bá dúró láìṣubú, tiyín ni. Níbi tí mo lọ kẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí mi, wọ́n ní gbogbo ojú ló ń bá mu. Kò bá tèmi mu. Mo ra tèmi, kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí èyí tí owó rẹ̀ kéré. Owó kékeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí owó náà kó mọ́ra. Ṣé jákẹ́ẹ̀tì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, régúlétọ̀ tí a fi ń mí àti aṣọ ìmòòkùn wà nínú rẹ̀? Pick-up ńkọ́? Sílíńdà mélòó lóòjọ́? Kọ̀ǹpútà ọwọ́ tó ń ka ìjìnlẹ̀ àti àkókò ńkọ́, àbí ẹni méjì ló máa lo ẹyọ kan? Èèyàn méjì kò gbọ́dọ̀ lo ẹyọ kan láé, torí ìjìnlẹ̀ tiyín kì í ṣe ti ọkọ yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó wọn á ti bá ti àwọn yòókù dọ́gba.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi dán wọn wò. Ọkọ̀ ojú omi kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí ń jẹ́ Hilma Hooker, ó gùn tó mítà 72, igbó tí wọ́n ń mu ni wọ́n bá nínú rẹ̀ kí ó tó rì ní ọdún 1984. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí iyanrìn ní nǹkan bí mítà 30, apá rẹ̀ tó ga jù wà ní nǹkan bí 18. Káàdì tí ẹ ní, mítà 18 ló mọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, kí ẹ wo ohun tí wọ́n á sọ.

Lápá gúúsù pátápátá ni ibi ìmòòkùn tí ń jẹ́ Red Slave wà. Omi ibẹ̀ máa ń ṣàn tagbáratagbára, kò yẹ fún ẹni tó ti ṣe é ẹ̀ẹ̀mẹfà, ṣọ́ọ̀bù tó dáa á sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wakọ̀ débẹ̀, kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Àwọn ilé kéékèèké tó wà níbẹ̀, ọdún 1850 ni wọ́n kọ́ wọn fún àwọn ẹrú tó ń kó iyọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ìdílé wọn ní ìlú Rincon, ìrìn wákàtí púpọ̀, kí wọ́n tó tún padà. Ọdún 1863 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Mi ò lè kọjá níbẹ̀ kí n má dúró.

Nípa pick-up, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí ẹ bá wọ omi. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí olè rí i pé òfìfo ni. Fóònù àti ìwé ìrìnnà, ilé ni kí ẹ fi wọ́n sí.

Àbẹ̀kẹ́ London

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà gan-an. Ẹ̀rọ tó ń rọ ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà, àfi pé agbára rẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ló ṣe pàtàkì. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń tú èéfín, tàbí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú èéfín sí i, ohun tó ń pa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn ní Nàìjíríà náà ni ẹ máa gbé sẹ́yìn lọ sísàlẹ̀ òkun. Bí ẹ bá sì ṣe ń rì jìn, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ lára yín á máa pọ̀ sí i. Májèlé náà kò ní òórùn, ṣùgbọ́n òórùn èéfín àti epo sábà máa ń bá a rìn. Ẹ ṣí sílíńdà díẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹnu sí i. Bó bá ń rùn bí mẹkáníìkì, ẹ dá a padà.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ wọn hàn yín. Ṣọ́ọ̀bù tó dáa máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ wo ara sílíńdà náà: wọ́n máa ń lẹ àmì ọdún tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò mọ́ ọn, ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́. Tí omi inú ọpọ́n bá ti di ọbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èyí tí ẹ kò lè rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹni tó béèrè ohun tó ń bà yín lẹ́rù lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ tíì bi í nípa Hilma Hooker?

Ìyá Ìbejì Houston

Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí owó rẹ̀ kéré ní "Kò sí wàhálà!" Ti ilé ìtura ní kí a wá gba ẹ̀kọ́ Advanced, èyí tó tẹ̀ lé Open Water, lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì sọ iye rẹ̀. Ti tọkọtaya ní: "Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni fún yín láti ibí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí yín nínú omi."

A ti sanwó fún wọn.

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti dé o, a kú ewu ọ̀nà. Ó yẹ kí n wá jábọ̀.

Ọjọ́ tí a débẹ̀, ìyàwó yẹn fúnra rẹ̀ ló mú wa wọ omi níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo sọ fún un pé òjé pọ́ùn 14 ni mo máa ń so mọ́ ìdí kí n lè rì. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n tú afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì mi dànù, kí n fa èémí sínú, kí n dúró láìmira. Mo rì bí òkúta. Ó fà mí sókè, ó yọ òjé pọ́ùn méjì. Mo tún rì. Ó tún yọ méjì. Nígbà yẹn ni omi dúró sí àárín ojú mi bí mo ṣe fa èémí sínú, tí mo bá sì mí síta mo ń lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ju àtàǹpàkò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìka, ó ní ó ti dáa. Láti ìgbà tí mo ti ń mòòkùn, ìjàkadì ni mò ń bá omi jà, mo rò pé bó ṣe rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Òjé ló pọ̀ jù. Sílíńdà tí mo máa ń lò tán ní ìṣẹ́jú 30, ó ń lé ní 45 báyìí.

Àṣàkẹ́, ó gbé másìkì márùn-ún kalẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Ẹ̀kẹta ló dúró. Omi kò kán wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi lọ sí ibi òkúta yẹ́lò, èmi àti ọkọ mi nìkan. Alẹ́ Ọjọ́rú, ìyàwó náà ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wa, ó ka ìmòòkùn kọ̀ọ̀kan, ó wo ìjìnlẹ̀ rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù. Ó ní, "Lọ́la, màá mú yín lọ wo Hilma Hooker. Ẹ kò ní kọjá mítà 18." A kò kọjá 18. Mo dúró lókè ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, mo wo ìsàlẹ̀, òkùnkùn aláwọ̀ búlúù ni, àwọn ẹja tarpon tó gùn bí èèyàn dúró láìmira nínú òjìji rẹ̀. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí i, mo rí i lójú rẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀.

Sátidé ni ọkọ̀ òfurufú wa máa gbéra láàárọ̀ kùtù. Ìyàwó náà ní ẹni tó ti mòòkùn léraléra gbọ́dọ̀ dúró ó kéré tán wákàtí 18 kó tó wọ bàlúù, nítorí náà kí a má wọ omi ní Jímọ̀ rárá. A wakọ̀ lọ sí Red Slave bí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ṣe wí. Ẹnu ọ̀nà ilé yẹn kò ga ju ìbàdí mi lọ, mo ní láti wólẹ̀ kí n tó lè wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń gba inú rẹ̀ kọjá. A kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Kralendijk.

Sílíńdà mẹ́rin ló ṣẹ́kù nínú èyí tí a san. Ìyàwó náà ka owó wọn, ó dá a padà fún wa.